Bí Ìyàwó Àtijọ́ Bá Fẹ́ Ọkọ Mìíràn, Ṣé Owó Ìtọ́jú Tán Nìyẹn?

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni ohùn kan ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp ní Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lòun ń gbé. Ó ní ọjọ́ tí obìnrin tí ilé rẹ̀ ti tú bá ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ọjọ́ yẹn gan-an ni owó tí ọkọ àkọ́kọ́ ń san fún un dópin, kò sí ẹjọ́, kò sí àròyé. Ohùn náà dé gúrúùpù ìjọ, ó dé ti àwọn olùkọ́, ó dé ti àwọn tí a jọ jáde ilé-ìwé. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí èmi náà.

Obìnrin yẹn kò purọ́. Òfin ibi tó ń gbé ló sọ. Àmọ́ òfin náà kò rìn dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn sì ni kò sọ.

Lọ́yà ni mí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀gbẹ́ni kan wọlé sí ọ́fíìsì mi nítòsí Tákié. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ó tú ohun tó wà nínú ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì mi: ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n fi àwọ̀ góòlù kọ, fọ́tò ọkọ àti ìyàwó nínú aṣọ òfì, àti bébà kan tí bélífù kóòtù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyàwó inú fọ́tò ni ìyàwó rẹ̀ àtijọ́. Ó fi ìka tẹ fọ́tò náà, ó ní, "Lọ́yà, ẹ wò ó, ó ti lọ́kọ. Kí ni mo tún ń sanwó fún?"

Oṣù márùn-ún ló ti dáwọ́ owó dúró. Mo ní kó jẹ́ kí n rí àṣẹ tí kóòtù pa nígbà ìkọ̀sílẹ̀. Kò mú un dání, ó ti pẹ́ tó ti kà á gbẹ̀yìn. Nígbà tó mú un wá lọ́jọ́ kejì, ohun tó wà níbẹ̀ rèé: ₦35,000 lóṣù fún ìyàwó, ₦60,000 lóṣù fún ọmọ méjì. Gbogbo ₦95,000 ló ti yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀, nítorí ohùn orí fóònù.

Kí là ń pè ní owó ìtọ́jú?

Owó ìtọ́jú ni owó tí kóòtù pàṣẹ pé kí ọ̀kan nínú tọkọtaya máa san fún ìkejì, kí onítọ̀hún lè rí jẹ, kó rí ibi sùn, yálà nígbà tí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ tàbí lẹ́yìn tó parí. Owó orí kọ́. Owó gbà-má-bínú kọ́. Àánú tí ọkọ ń ṣe kọ́ sì ni, bó ti wù kí ọkọ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ẹbí.

Inú òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó Nàìjíríà ti ọdún 1970 ló wà. Abala 70 nínú rẹ̀ ní kí adájọ́ wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́, agbára tí wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ rówó, ìwà tí àwọn méjèèjì hù, àti gbogbo ohun mìíràn tó bá kan ọ̀rọ̀ náà, kó tó dá iye. Òfin yìí kò sọ pé ọkùnrin nìkan ló ń san. Ìyàwó tó rí já jẹ lè máa san fún ọkọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ẹnu. Mo mọ̀ pé etí wa kì í fẹ́ gba ìyẹn níbí, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Nínú àlàyé yìí, màá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin ló ń san, torí òun la sábà ń rí.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú ni pé owó méjì ló sábà máa ń wà nínú àṣẹ kan ṣoṣo. Ẹ wo obìnrin tó ń tajà ní ọjà Tákié, tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ kan, tó sì ní káàdì méjì lọ́wọ́: ọ̀kan fún owó ọjà, ọ̀kan fún owó ilé-ìwé ọmọ. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń kó owó méjèèjì fún alájọ. Bó bá di ọjọ́ kan tó ní òun ò dá ti owó ọjà mọ́, alájọ kò ní fa káàdì owó ilé-ìwé ya. Bẹ́ẹ̀ ni owó ìyàwó àti owó ọmọ ṣe rí. Alẹ́ẹ̀tì báǹkì kan ṣoṣo lè gbé e wọlé, àmọ́ káàdì méjì ni.

Irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe?

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá wọlé nìyí, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Kì í ṣe gbogbo ìgbéyàwó ni òfin 1970 yìí kàn.

Èyí tó kàn ni ìgbéyàwó kóòtù, àti èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní àṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀, tí wọ́n sì fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ní ìlú tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti fìdí múlẹ̀ láti 1855 tí míṣọ́nnárì Bowen ti dé, irú ìgbéyàwó báyìí pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àdúrà ìbùkún tí pásítọ̀ gbà lé yín lórí lẹ́yìn ìdána, tí kò sí ìwé-ẹ̀rí ìjọba níbẹ̀, kò sọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ yín di ìgbéyàwó òfin. Ẹ lọ wo àpótí ìwé yín.

Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ irú ìgbéyàwó yìí, ilé-ẹjọ́ gíga ló ń gbọ́ ọ, ọ̀kan sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀kan wà ní Ọ̀yọ́.

Bó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, kóòtù ìbílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní kọ́sítọ́márì, ni ilé yín. Nínú àṣà Yorùbá, obìnrin tó bá ti jáde nílé ọkọ, tó dálémosú, kì í retí oúnjẹ oṣooṣù lọ́dọ̀ ọkọ àtijọ́ mọ́. Kódà láyé àwọn bàbá wa, ọkọ tuntun ló máa ń dá owó orí padà fún ọkọ àkọ́kọ́. Nítorí náà, owó tí kóòtù ìbílẹ̀ sábà máa ń pàṣẹ ni ti àwọn ọmọ: oúnjẹ, owó ilé-ìwé, oògùn.

Bó bá jẹ́ yìgì lẹ so, ọkọ ló ń gbọ́ bùkátà obìnrin tí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé gbà padà títí iddah rẹ̀, ìyẹn àkókò tó gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, yóò fi pé. Nǹkan oṣù mẹ́ta ni fún ọ̀pọ̀ obìnrin; bó bá lóyún, ó di ọjọ́ tó bá bímọ. Obìnrin kò sì lè so yìgì mìíràn kí iddah tó parí. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tí a ń yẹ̀ wò yìí kì í fi í sábà dìde láàárín àwọn Mùsùlùmí: kí ọkọ tuntun tó dé, owó ọkọ àkọ́kọ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ti àwọn ọmọ nìkan ló kù.

Ó wá ku àwọn tó ní àṣẹ ilé-ẹjọ́ gíga lọ́wọ́. Àwọn ni ohùn WhatsApp yẹn ń ṣì lọ́nà jù.

Ṣé owó náà máa ń dá ara rẹ̀ dúró?

Ẹ jẹ́ kí n fi táǹkì omi ṣàlàyé rẹ̀. Táǹkì kan wà tó ní bọ́ọ̀lù nínú. Bí omi bá kún, bọ́ọ̀lù á gbéra, á dí ẹnu páìpù, kò sí ẹni tó ní láti lọ síbẹ̀. Òmíràn kò ní bọ́ọ̀lù. Ó lè kún títí kó máa ṣàn dà sí ojú títì, àfi kí ẹnì kan gòkè lọ fi ọwọ́ ti ẹ̀rọ.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni táǹkì tó ní bọ́ọ̀lù. Òfin wọn ti ọdún 1973, ní abala 28, ní owó oṣooṣù tí ẹnì kan ń gbà lọ́wọ́ ọkọ tàbí aya rẹ̀ àtijọ́ dópin fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá tún ìgbéyàwó ṣe. Gbèsè tó ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé nìkan ló ṣì jẹ́ gbèsè. Bí ọkọ kò bá sì mọ̀, tó ṣèèṣì ń san lọ, òfin náà fún un láyè láti lọ sí kóòtù kó bèèrè fún èyí tó san lásán. Àmọ́ bí obìnrin náà bá kàn ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin láìṣe ìgbéyàwó, bọ́ọ̀lù kò ní gbéra. Ohùn yẹn kò sọ ìyẹn náà.

Tiwa ni táǹkì tí kò ní bọ́ọ̀lù. Abala 73 nínú òfin 1970 fún adájọ́ lágbára láti fagi lé àṣẹ owó ìtọ́jú bí ẹni tó ń gbà á bá tún ìgbéyàwó ṣe, tàbí bí ìdí mìíràn tó tọ́ bá wà. Ẹ tún un kà. Ó fún adájọ́ lágbára. Kò ní àṣẹ náà ti kú. Àṣẹ ṣì wà láàyè, ó ń mí, títí adájọ́ yóò fi sọ pé ó tó.

Ìdí nìyẹn tí bélífù fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni ọlọ́rá dúdú. Lójú kóòtù, kò sí ohun tó yí padà. Oṣù márùn-ún tí kò san ti di gbèsè: ₦175,000 ti ìyàwó, ₦300,000 ti ọmọ, àpapọ̀ ₦475,000. Ẹni tí wọ́n jẹ irú gbèsè yìí lè ní kí kóòtù gbà á fún òun, kódà kóòtù lè pàṣẹ fún báǹkì kí ó yọ ọ́ nínú àkáǹtì onígbèsè. Ẹnu yà á gan-an. Ó ti rò pé ìwé ìpè ìgbéyàwó tó wà nínú ọ̀rá yẹn ti tó ìdáláre.

Ó sì tó láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Kò tó láti fi rọ́pò ẹjọ́.

Ìgbéyàwó wo ni kóòtù máa kà sí ìgbéyàwó?

Ibí yìí le díẹ̀, àwa lọ́yà pàápàá ń jiyàn lé e lórí. Mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ kì í ṣe ìgbéyàwó, bó ti wù kí ìrẹsì pọ̀ tó lọ́jọ́ náà. Ìgbéyàwó kóòtù tàbí ti ilé ìjọsìn tó ní àṣẹ ìjọba, tó ní ìwé-ẹ̀rí, kò ní àríyànjiyàn.

Ti ìdána àti yìgì ńkọ́? Abala 69 nínú òfin yẹn sọ pé nínú apá tó sọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ náà "ìgbéyàwó" kò kó èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà Mùsùlùmí tàbí ti ìbílẹ̀ mọ́ra. Ẹ wá rí i pé bí ìyàwó àtijọ́ bá so yìgì tàbí tó ṣe ìdána pẹ̀lú ọkọ tuntun, lọ́yà rẹ̀ lè dìde kó ní, "Olúwa mi, kò tíì tún ìgbéyàwó ṣe ní ojú òfin yìí." Lójú tèmi, kò bójú mu kí ẹni tí wọ́n ti san owó orí rẹ̀, tó wà nílé ọkọ, máa gba oúnjẹ nílé méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn apá kejì gbólóhùn abala 73, èyí tó ní "tàbí ìdí mìíràn tó tọ́". Ìdí náà gbòòrò tó kí a fi ti ìdána àti ti yìgì síwájú adájọ́, kí a ṣàlàyé pé ẹlòmíràn ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ báyìí. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yóò kọ ìdí méjèèjì sínú ìwé rẹ̀, kò ní dúró lé ẹyọ kan.

Kí a kàn máa gbé pọ̀ láìṣe nǹkan kan ńkọ́? Inú "ìdí mìíràn" kan náà ló máa gbà wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ nira. Pé aládùúgbò rí ọkọ̀ ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kò tó.

Owó àwọn ọmọ ńkọ́?

Níbí ni mo ti fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á rọra kà. Pé ìyá tún lọ́kọ kò kan owó ọmọ. Kò kàn án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò kàn án ní Nàìjíríà, kò kàn án ní kóòtù ìbílẹ̀, kò kàn án lábẹ́ yìgì. Àwọn ọmọ kò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ bàbá wọn ni wọ́n jẹ́ kí ìyá wọn tó kọjá sílé ọkọ tuntun, ọmọ bàbá wọn náà ni wọ́n jẹ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Ọkọ tuntun lè jẹ́ ọmọlúàbí. Ó lè máa ra bàtà fún wọn, kó máa gbé wọn lọ sí ilé-ìwé. Oore ni ìyẹn, kò gba ẹrù kúrò lórí bàbá tó bí wọn. Mo ti rí bàbá tó ń sọ pé òun kò lè máa bọ́ ilé ọkùnrin mìíràn. Owó ilé-ìwé kò bọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Ọmọ ló ń lò ó.

Lábẹ́ òfin 1970, kóòtù kì í pàṣẹ owó fún ọmọ tó bá ti pé ọdún 21, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ọmọ ọ̀gbẹ́ni yìí jẹ́ ọdún 9 àti ọdún 12. Nígbà tí mo bi í pé ta ló san owó ilé-ìwé wọn ní táàmù tó kọjá, ó dákẹ́. Ìyá ìyá wọn ló san án, nínú owó kaṣú tó tà.

Bó bá jẹ́ ọkọ ló fẹ́ ìyàwó tuntun ńkọ́?

Kò yí nǹkan kan padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń san kò lè fi ìgbéyàwó tara rẹ̀ dá owó dúró. Bí ìyàwó tuntun bá bímọ, tí ẹrù pọ̀, ó lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n dín owó náà kù, kó sì fi hàn pé ipò nǹkan ti yí padà gidi láti ìgbà tí wọ́n ti pàṣẹ. Bákan náà ni fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń gbà á náà sì lè bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún un, bí ọ̀wọ́n bá ti sọ iye tí kóòtù dá di nǹkan tí kò ra àpò gaàrí kan.

Báwo la ṣe ń lọ sí kóòtù lórí rẹ̀?

Kóòtù tó pàṣẹ náà ni kẹ́ ẹ padà sí. Lọ́yà yín á kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, á fi ìwé ìbúra tì í lẹ́yìn, níbi tí ẹ ti máa sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ àti bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó tuntun náà, èyí tí wọ́n fi èdìdì lù níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ìwé ìpè àti fọ́tò dára láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó wà níbi ìgbéyàwó náà lè jẹ́rìí. Bélífù á gbé ìwé náà fún obìnrin náà, òun náà á fèsì, adájọ́ á gbọ́ tẹnu yín méjèèjì.

Kí ọjọ́ ìdájọ́ tó dé, ẹ máa san án lọ. Mo mọ̀ pé ó ń dun ènìyàn. Ẹ san án láti báǹkì dé báǹkì, ẹ kọ ọ́ sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "owó ìtọ́jú ìyàwó, oṣù kẹta", "owó ọmọ, oṣù kẹta". Má ṣe fi owó lé ọwọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́jà. Mo ti rí ọkùnrin tó san gbogbo owó rẹ̀ pé, tí kò sì ní ẹyọ rìsíìtì kan láti fi hàn. Ẹ lè bẹ adájọ́ pé kó ka àṣẹ rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó tuntun, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wà, ẹ má fi dá ara yín lójú.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń gbà á, bí ẹ bá ti tún lọ́kọ, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ìkọ̀kọ̀ yín lu owó àwọn ọmọ mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́.

Owó tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tán, tàbí ilé tí kóòtù pín fún un nígbà ìkọ̀sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbà á padà nítorí pé ó tún lọ́kọ. Ohun tó ń san oṣooṣù là ń sọ.

Bí ilé ọkọ tuntun bá tú ńkọ́, ṣé owó àkọ́kọ́ á padà?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rárá. Ẹni tó bá ti tún ìgbéyàwó ṣe kò lè padà wá bèèrè lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ mọ́.

Níbí, ó dúró lórí ọ̀rọ̀ tí adájọ́ lò. Abala 73 fún un ní ọ̀nà méjì. Ó lè fagi lé àṣẹ náà pátápátá. Ó sì lè dá a dúró fún ìgbà kan, títí di ọjọ́ kan tàbí títí ohun kan yóò fi ṣẹlẹ̀. Èyí tí wọ́n dá dúró, òfin ní kóòtù lè jí i padà, lódindi tàbí lápá kan. Kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa èyí tí wọ́n fagi lé. Nítorí náà, lọ́yà ọkọ á máa tẹnu mọ́ ìfagilé, lọ́yà ìyàwó tó mọ̀ ọ́n ṣe á ní kí wọ́n kàn dá a dúró. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ wò nínú bébà kẹ́ ẹ tó jáde ní kóòtù.

Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́rá dúdú ti san ₦300,000 àwọn ọmọ, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lórí ti ìyàwó ti wọ kóòtù, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ la ń retí. Ó ti padà san ti oṣù yìí, ₦35,000 lọ́tọ̀, ₦60,000 lọ́tọ̀, ó sì fi alẹ́ẹ̀tì méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.